Aṣọ Ìtẹ́-Gàárì Tí Sójà Gbọ̀n

Wọn kò sọ ọ́ fún mi o, ojú mi yìí ló rí i. Mo dúró ti bárò tí mo fi ń kó imí ẹṣin, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí Alága gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, tó nàró gangan bí èèyàn, tó sì kọjú sí ọmọ ọmọ mi.

Alága ni ẹṣin náà. Ó pupa, ìlà funfun kan sì là á láti iwájú orí dé imú. Bó bá dúró, ó máa ń na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé, ìdí tí a fi sọ ọ́ ní Alága nìyẹn. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ni a ń pè ní Sójà. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń to bàtà gbogbo ilé sórí ìlà, ẹni tó bá sì bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ gbáyawu, ó di dandan kó padà wá tò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sójà ti fọ Alága tán, ó ti fi ìjánu sí i lẹ́nu, gàárì ló kù. Ó mú aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ gàárì, ó rí i pé eruku kún un. Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó gbọ̀n ọ́n. Fáù! Fáù!

Bí Alága ṣe nàró nìyẹn. Ó yán, ó bọ́ sílẹ̀ gìì, ó sì kọrí sí ọmọ náà. Sójà, tí kì í sáré fún òjò, sáré. Bó ṣe yà sọ́tùn-ún, ẹṣin yà sọ́tùn-ún. Bó ṣe yà sósì, ẹṣin wà níbẹ̀. Nígbà tó dé ìdí ọgbà igi, àyà ẹṣin ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbá a mọ́ igi. Mo gbọ́ "kà!" Mo rò pé igi ló ṣẹ́. Apá ọmọ mi ni.

Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi là sílẹ̀, nǹkan kan ò jáde. Èmi náà ni o! Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ ní yàrá tí adìẹ ìta á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ ó rò pé nítorí apá tó kán ni mo ṣe yadi. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé mo mọ ohun tí ẹṣin náà ń ṣe. Kò bínú, kò sì ya wèrè. Eré ló ń ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ilé ẹṣin tí a ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń wá kọ́ ẹṣin gígùn níbẹ̀. Ọ̀gá kan ló ni ín, ọkùnrin orí pípá tó fẹ́ràn ṣòkòtò funfun láàárín imí. Èmi ni mò ń gbálẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Sójà fi ń gbé omi, tó ń ha pátákò ẹṣin ẹlẹ́ṣin, kí Ọ̀gá tó fa ẹṣin kan lé òun nìkan lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè gbé ọmọdé. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní Alága, kò jẹun. Ó jókòó, ó ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé, ó ń kọ ohun tí ẹṣin máa mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ohun tó máa mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe é. Wákàtí méjì láàárọ̀, wákàtí méjì nírọ̀lẹ́. Rìn. Dúró. Yà. Padà. Bí Alága bá na imú pé kóun gbóòórùn irun orí rẹ̀, á yẹrí: "Iṣẹ́ là ń ṣe!" Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, ojú ẹṣin náà ti kú bí ojú ẹja orí yìnyín. Bó bá ti rí ìjánu lókèèrè, á lọ kọjú sí ògiri, á da ìdí kọ wá.

Mo ní, "Sójà, ẹṣin yìí ò rẹ́rìn-ín mọ́ o."

Ó ní, "Màmá àgbà, ẹṣin kì í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ náà kì í rín in, ṣé torí pé o ò léyín ni?"

Ó yí ojú padà. Ìyá rẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sójà lọ jẹun. Ó fi Alága sílẹ̀ nínú pápá oníyanrìn tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, pẹ̀lú ìjánu lẹ́nu, torí pé yóò padà wá bá iṣẹ́ lọ. Mo wọlé láti kó imí. Eṣinṣin dà bò mí, ni mo bá yọ ìborùn èjìká mi, mo gbé e sókè, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Alága gbórí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, n kò rí i kó gbórí bẹ́ẹ̀. Mo tún gbọ̀n ọ́n. Ó ta pọ́n-ún. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré. Ó sáré tẹ̀ lé mi! Mo ní hẹn-ẹn, ó parí, imí ni wọn ó máa kó èmi náà báyìí. Mo sá títí tí èémí fi tán nínú mi, mo bá fìdí lélẹ̀ sórí iyanrìn, mo dijú. Nígbà tí mo lajú, ẹṣin ti dúró jẹ́ẹ́ níwájú mi, ó sọ orí kalẹ̀ sórí itan mi, ó ń mí èémí gbígbóná sí mi níkùn. Ojú rẹ̀ ń dán.

Àwọn àgbà ní bí eré bí eré, àlàbọrùn ń dẹ̀wù. Tèmi ò tilẹ̀ dẹ̀wù, ó di gbèsè ọ̀ràn. Lójoojúmọ́, bí Sójà bá ti yí kọ́nà, màá wọlé. Màá gbọ̀n ìborùn, Alága á nàró, èmi á sá, òun á lé mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ohun tí mò ń pè ní eré sísá, ìgbín á pè é ní ìrìn ìgbafẹ́. Ọmú ọ̀tún ń lọ sókè, tòsì ń bọ̀ nísàlẹ̀, méjèèjì ò gbọ́ ara wọn yé. Bó bá rẹ̀ mí, màá jókòó, òun á sì dúró. Ọdún méjìdínláàádọ́rin tí mo ti dáyé, n kò rí ọkùnrin tó gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé tó bẹ́ẹ̀, ọkọ mi náà wà níbẹ̀.

Ohun tó tún wá dùn mọ́ mi ni pé ara ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Sójà ní, "Màmá àgbà, ẹ ò rí i? Ẹ̀kọ́ mi ti ń wọ̀ ọ́ lára." Mo ní, "Mo rí i, ọmọ mi." Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú bí olè tó jí ẹran tí wọn ò tíì kà. Oṣù méjì gbáko nìyẹn.

Ẹ wá wò mí ní ilé ìwòsàn, lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti di apá Sójà mọ́ inú nǹkan funfun kan tó le bí ògiri. Ọ̀gá wọlé, kò jókòó.

Ó ní, "Ọlọ́run yọ ọ́. Ká ní ọmọ ọlọ́mọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹṣin tó bá ti lé èèyàn, ọmọdé ò lè gùn ún, kò sì sí ẹni tó máa rà á. Mo ti pe awakọ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, ó ń gbé e lọ fún alápatà."

Mo rò pé Sójà á jà. Ọmọ yìí máa ń bá ògiri jà tí ògiri á tọrọ àforíjì. Ó kàn tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, Ọ̀gá. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í kọ́. Bí ẹ bá gba ẹlòmíràn síṣẹ́ mi, mi ò ní bínú."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti lanu. Mo là á. Ahọ́n mi jókòó sínú rẹ̀ bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Mo ní, "Ẹ ẹ̀ ní jókòó, Ọ̀gá?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ti mí fún ara mi.

Nígbà tí a délé, mo ń bá a bọ́ ẹ̀wù, mo ń fà á jẹ́jẹ́ kó má kan apá tó kán. Ó ṣàdéédé sọ ọ́, láàárín aṣọ, tí n kò rí ojú rẹ̀: "Màmá àgbà, mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni."

Mo wá bọ́tìnnì tí kò sí nídìí ẹ̀wù náà. Mo wá a títí.

Láàárọ̀, ọkọ̀ ti dé kí a tó dé. Wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gbé pátákó lé e kí ẹṣin lè gun òkè. Awakọ̀ náà, ọkùnrin gàgàrà kan tó ń jẹ búrẹ́dì, mú okùn Alága dání nínú pápá. Sójà dúró sẹ́yìn ọgbà, kò wò wọ́n. Alága ń na ọrùn, ó ń retí kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, tí àyà mi là.

Mo kígbe pé, "Ẹ dúró! Èmi ni!"

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin ni kí ni, Màmá?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa lé èèyàn. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ gbé èmi sínú ọkọ̀."

Awakọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó gbé búrẹ́dì mì, ó ní, "Màmá, alápatà ò ní mọ ibi tí á ti bẹ̀rẹ̀."

Mo rò ó fún wọn láìmí: eṣinṣin, ìborùn, eré sísá, gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá ń wo orúnkún mi. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin ń sáré? Màmá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ dáàbò bo ọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ tó ju ọjọ́ orí yín lọ."

Sójà ti yíjú sí mi. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ìbínú, ó dà bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tó bá ilé onílé níbẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa? Awakọ̀, tú okùn yẹn kí o sì jáde." Mo wọ inú pápá. Mo yọ ìborùn. Fáù! Fáù!

Alága nàró. Awakọ̀ fo ọgbà pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀. Mo sáré, ẹṣin tẹ̀ lé mi, ọ̀tún, òsì, bí a ṣe máa ń ṣe é. Ṣé ẹ mọ̀ pé ibi tí ọ̀ràn bá ti dára ni rọ́bà ìdí yẹ̀rì máa ń já? Ó já. Yẹ̀rì mi ṣubú dé kókósẹ̀, ṣòkòtò péńpé olóògbé ọkọ mi yọ sí gbangba, èyí tó ní ihò lẹ́yìn. Mo tẹ yẹ̀rì mọ́lẹ̀, mo sì dojú bolẹ̀ gbàgà.

Ọ̀gá rò pé ẹṣin ti pa mí. Ó já wọ inú pápá, ó gbé apá méjèèjì sókè nínú kóòtù ńlá rẹ̀, ó ń jù wọ́n, "Dúró! Dúró!"

Èèyàn mi, apá tó gbé sókè, kóòtù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́! Kí tún ni Alága ń fẹ́? Ó fi mí sílẹ̀, ó kọjú sí Ọ̀gá, ó nàró. Ọ̀gá fi igbe ta, ó sá. Bó ṣe ń sá ni eré ń dùn mọ́ ẹṣin nínú.

Orí ilẹ̀ ni mo ti ń pariwo. "Ọ̀gá, ẹ jókòó!"

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ jókòó! Ẹ fìdí lélẹ̀!"

Sójà náà kígbe láti ẹ̀yìn ọgbà, ohùn tó fi ń pàṣẹ fún ẹṣin: "Ọ̀gá, ẹ jókòó!"

Ọ̀gá jókòó. Ibi tó jókòó sí, èmi ni mo jẹ̀bi, torí pé n kò tíì kólẹ̀ láàárọ̀ náà. Pọ̀ọ̀! Alága dúró lójú ẹsẹ̀. Ó rìn jẹ́ẹ́ lọ bá a, ó tẹ orí ba, ó mí èémí gbígbóná sí orí pípá náà, ó sì dúró bí àga.

Awakọ̀ mú búrẹ́dì dání níwájú ẹnu, kò gé e. Ọ̀gá jókòó nínú imí, ojú rẹ̀ ràn bí tòwìwí, ètè ẹṣin wà lórí rẹ̀. Èmi wà nínú ṣòkòtò ọkọ mi.

Sójà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Nínú pápá yìí ni ẹ ti ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Pẹ̀lú ìjánu lẹ́nu rẹ̀?"

"O kì í bọ́ ọ bí o bá ń lọ jẹun."

"Báwo ni ẹ ṣe máa ń sọ fún un pé eré ti tán?"

"N kì í sọ. Ó máa ń rẹ̀ mí ni."

Ó fi ọwọ́ kan tó kù bo ojú. "Màmá àgbà! Ibi iṣẹ́ ni, aṣọ iṣẹ́ ló wà lára rẹ̀, ẹ wá ń bá a ṣeré. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀yàtọ̀? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa mí, kì í ṣe ẹṣin!"

Ó dùn mí dé eegun. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti padà dé, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Mo ní, "Mo jẹ̀bi. Ìwọ ńkọ́? Wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, o ò fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ rí àfi kí o di nǹkan mọ́ ọn. O ní o rò pé ó fẹ́ràn rẹ. Ìgbà wo lo fún un láyè?"

Omi lé ròrò sí i lójú.

Ọ̀gá dìde. N kò ní sọ bí ẹ̀yìn ṣòkòtò funfun náà ṣe rí. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, Sójà á wọ inú pápá yìí, á gbọ̀n aṣọ kan náà lójú mi. Bí ẹṣin yìí bá gbé ẹsẹ̀ kan péré, ọkọ̀ ń padà bọ̀. Ẹ̀yin Màmá, bí ẹ bá tún wọ pápá yìí nígbà tí ẹṣin wà níbẹ̀, ẹ ò níṣẹ́ mọ́." Awakọ̀ kó pátákó rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà.

Sójà tún fa ìlà sínú ìwé, pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ìlà wọ́gọwọ̀gọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí eré wà nínú rẹ̀. Orí koríko ẹ̀yìn ilé ni eré, láìsí ìjánu, láìsí okùn. Inú pápá oníyanrìn ni iṣẹ́, pẹ̀lú ìjánu, ogún ìṣẹ́jú péré lẹ́ẹ̀kan. Bí eré bá fẹ́ tán, á jókòó sórí garawa tó dojú dé, kí èémí tó tán nínú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n fi bí mo ṣe ń gbọ̀n ìborùn han òun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ̀n ọ́n lórí koríko, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju aṣọ lọ. Ẹnu yà mí, torí pé n kò mọ̀ pé ọmọ yìí lè bẹ̀rù nǹkan. Alága ò tilẹ̀ nàró fún un. Ó wò ó, ó yípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rọra fi imú ti apá funfun náà, ó sì sá sẹ́yìn bí ẹni pé ó ní, ìwọ ló kàn. Sójà lé e! Ọmọ tèmi, ó lé ẹṣin kiri orí koríko, irun rẹ̀ tú, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gàgà bí tèmi. Mo ní, háà, ṣé inú ẹ̀ nìyẹn wà láti ọjọ́ yìí?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Ọ̀gá dé, ó wọ ṣòkòtò dúdú. Alága wà nínú pápá pẹ̀lú ìjánu, Sójà dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé aṣọ ìtẹ́-gàárì sókè. Èmi wà lẹ́yìn ọgbà. Fáù! Fáù!

Etí Alága dìde. Ó gbé orí. Ó wo Sójà, ó wo èmi. Mo rí i tí iṣan èjìká rẹ̀ sún. Ó mí fìì, ó sì dúró.

Mo fẹ́ hó ìhó ayọ̀, ni Ọ̀gá bá ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

Mo wo ara mi. Mo ti jókòó! N kò mọ̀ rárá. Ìbẹ̀rù ti fi ìdí mi kalẹ̀ gbalaja sórí yangí.

Ọ̀gá ní, "Ẹ ti sọ fún un pé kó dúró nìyẹn. Kò kà. Ẹ wọ inú yàrá koríko lọ, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Sójà wò mí. Ọlọ́run, ojú tó fi wò mí! Mo bẹ̀bẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dúró, màá di igi mú. Ọ̀gá nawọ́ sí yàrá. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Òkùnkùn ni, koríko gbígbẹ ń rin mí nímú, mo di imú mú kí n má sín, kí wọ́n má baà ní mo tún sọ̀rọ̀ fún un.

Fáù! Fáù!

Mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan. N kò gbọ́ pátákò, n kò gbọ́ igbe, n kò gbọ́ igi. Mo ka oókan, mo ka eéjì, mo ka dé eéjìlá, mo ṣì í kà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Fáù! Ó tún gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, a ò bá a ṣàdéhùn ìyẹn! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tún dé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá ni. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè ríran.

Alága dúró láàárín pápá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí iyanrìn, aṣọ ìtẹ́-gàárì wà lórí ọrùn rẹ̀ níbi tí Sójà jù ú sí. Sójà ti fi iwájú orí lé e láàárín ojú méjèèjì. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹṣin náà ò kúrò lójú kan, ó ń fara da omijé tó ń kán sí i ní imú.

Ọ̀gá ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu yín?"

Ó tán. Ẹ bá mi gbà á gbọ́.